Ewé Tútù Lórí Òkè Alárù

Òkè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tó bá ti dé Ìdànrè rí yóò fi rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Èyí náà lòkè? Ebè iṣu ńlá kan lásán." Kò burú. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa, ilẹ̀ tẹ́jú débi pé ibi tí ó bá ti gbé orí sókè díẹ̀, a ó fún un lórúkọ. Òkè Alárù ni àwọn bàbá wa ń pe èyí. Àárín igbó ló wà, lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tó ti Ìlárá wá sí Ṣàgámù, ọ̀nà tí àwọn tó ń ru obì ń gbà kí ọkọ̀ tó dé. Ẹni tó bá gùn ún pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, tí bàbá arúgbó tún ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú rẹ̀, kò ní fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi ti gùn ún, mi ò sì fẹ́ gùn ún mọ́.

Bàbá mi ló ní ká lọ. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ta obì gbànja ní Ṣàgámù títí orúnkún rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Dókítà ti sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó má ṣe iṣẹ́ agbára mọ́, kí ó má tilẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, àdúgbò kan nínú Ṣàgámù níbí, kò ní àtẹ̀gùn, a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Àfi lọ́jọ́ tí a ṣe fìdáù àbúrò rẹ̀, tí àwọn àlejò ti lọ, tí mo ń to àga jọ, ló pè mí.

Ó ní, "Gbogbo àwọn èèyàn mi tó ti kú ló ní ibi tí a lè dúró sí kí wọn. Ìyé mi nìkan ni éè ní. Mo fẹ́ lọ kí i kí èmi náà tó lọ."

Ìyé là ń pe ìyá ní Rẹ́mọ. Bí bàbá mi bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ náà ló máa ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, èdè ìyá rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Bí mo ṣe gbọ́ "ìyé" yẹn, mo ti mọ̀ pé a ó lọ ni, bí mo fẹ́ bí mo kọ̀.

Mo mọ ìtàn ìyá rẹ̀ láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fà á gùn. Ìyá náà wà lára àwọn obìnrin tó ń lọ ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lágbègbè Ìlárá, tí wọ́n ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, tí wọ́n ń di obì sí i, tí wọ́n sì ń fi orí rù ú wá sí Ṣàgámù. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ṣì kéré, òun náà ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú igbá obì lórí. Wọ́n gun òkè náà dé èjìká rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀ kí ó tó tún gòkè. Ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Wọ́n bá a sọ ẹrù, ó jókòó, kò sì dìde mọ́.

Mùsùlùmí ni wọ́n. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ọ̀nà sì jìn sílé. Àwọn alárù fi àdá àti ọwọ́ lásán gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín sẹ́bàá ọ̀nà lábẹ́ igi ìrókò kan, wọ́n sì gbé ẹrù wọn. Obìnrin kan gbé agbọ̀n olóògbé ka orí tirẹ̀. Bàbá mi rìn wálé pẹ̀lú igbá rẹ̀ lórí, ó ní kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ òun, òun náà kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn alárù ní àṣà kan. Ẹni tó bá kú sọ́nà, tí wọ́n sin sẹ́bàá ọ̀nà, wọn kì í mọ nǹkan kan sí i lórí. Wọn kì í ri òkúta, wọn kì í gbin pèrègún. Ṣùgbọ́n kò sí alárù tó gbọ́dọ̀ kọjá láìjá ewé tútù lé e. Ewé tàná á gbẹ, ewé tòní á bò ó. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí òkìtì ewé náà, á mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, á já tirẹ̀ lé e, á sì máa lọ. Bàbá mi náà já ewé lé ìyá rẹ̀ títí ó fi dàgbà tó ń ru agbọ̀n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ìlárá. Ta ló tún fẹ́ fi orí ru obì gun òkè nígbà tí ọkọ̀ wà? Ọ̀nà náà kú díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kéde ikú rẹ̀. Mi ò lè bú ọkọ̀ o. Obì tí bàbá mi fi ọkọ̀ kó ló fi rán gbogbo wa níwèé.

Mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tó wà nílùú òyìnbó, ní kí n má gbà fún un. Èkejì, tó wà ní Èkó, ní bí iṣẹ́ bá gba òun láyè, òun á wá fi jíìpù gbé e dé ibẹ̀. Mo bi í pé ojú ọ̀nà wo ni jíìpù fẹ́ gbà. Ó ní ṣé kò sí ọ̀kadà ni. Mo pa fóònù kí n má baà sọ ohun tí n kò ní lè kó jọ mọ́. Àbíkẹ́yìn ni mí, olùkọ́ ni mí, Ṣàgámù ni mo wà. Ẹni tó wà nílé niṣẹ́ ilé ń bá.

Ọmọ mi obìnrin ní báàgì kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, èyí tó fi ń lọ sí yunifásítì. Mo kó omi inú ọ̀rá sí i, mo fi búrẹ́dì àti ẹyin sísè sí i, mo kó oògùn bàbá mi, ẹní ìkírun rẹ̀ àti aṣọ òtútù. Nígbà tí mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yìn wà fún ọmọ, orí wà fún ẹrù. Àwọn ìyé wa ìbá rí ẹ báyìí, wọn ìbá bi ẹ́ pé ọmọ ta ni o pọ̀n yẹn tí éè lórí."

Oṣù Kejìlá ni, ilé ìwé ti gba ìsinmi, ọyẹ́ sì ti dé. Ojú ọ̀run funfun bí omi ògì, oòrùn wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò mú. A wọ bọ́ọ̀sì kékeré gba Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìlárá. Ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ilé ti tán, a bá ìyá àgbà kan níwájú ilé rẹ̀ tó ń bó obì sínú abọ́. A kí i, ó dá wa lóhùn, ó sì bi bàbá mi pé, "Ibisi ẹ ń lọ nínú ọyẹ́ yìí?"

Bàbá mi ní, "Òkè Alárù."

Ìyá náà dá ọwọ́ dúró. "Éè sí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́. Ugbó ni. Àwọn tó ń gbà á ti kú tán."

"Ìyé mi wà níbẹ̀."

Ó wo bàbá mi pẹ́, ó wo ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó wo èmi àti báàgì mi. Ó ní àwọn àgbẹ̀ ṣì ń gba apá ìsàlẹ̀ lọ sóko, kí a tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ wọn, pé níbi tí ipa ẹsẹ̀ bá ti tán, kí a máa wo òkè. Nígbà tí a ti ń lọ ló tún pè wá padà. "Ẹ bá mi já tèmi lé e," ló wí, ó sì padà sídìí obì rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ kò le. Oko obì ló wà lọ́tùn-ún lósì, igi tó ti darúgbó, abẹ́ wọn tutù, ó sì ṣókùnkùn. Bàbá mi ń rìn níwájú, mo sì rí i pé ara rẹ̀ yá ju tilé lọ. Ó ń tọ́ka. Ibí ni odò tí wọ́n ti ń bu omi wọ́n obì wà. Ibí ni obìnrin kan ti máa ń ta ẹ̀kọ fún àwọn alárù. Ibí ni wọ́n ti ń sọ ẹrù, tí wọ́n ń tún òṣùká ká. Gbogbo ibi tó ń tọ́ka sí, èèsún ni mo ń rí. Mo kàn ń dáhùn pé "hẹn-ẹn" ni. Inú mi kò dùn, mo rí i pé bí ó bá kú, gbogbo ibi tó ń tọ́ka sí yìí yóò di igbó lásán, torí èmi tó ń sọ ọ́ fún, mi ò gbà pé mo lè rántí wọn.

Ipa ẹsẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà náà ti wí. Òkè bẹ̀rẹ̀. Àgbàrá ti jẹ ojú ọ̀nà náà di kòtò jínjìn, òkúta wẹ́wẹ́ pupa ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí a bá gba inú kòtò, à ń yọ̀; bí a bá gba etí rẹ̀, ẹ̀gún ń fa aṣọ wa. Wèrèpè kàn mí lọ́rùn, mo sì fi èékánná họ ara mi títí ó fi bó. Báàgì náà, tó fúyẹ́ nílé, ti ń fa èjìká mi sẹ́yìn bí ẹni pé kò fẹ́ kí n lọ. Mo ronú nípa àwọn obìnrin tó fi agbọ̀n obì gun ibí, tí wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ orí ba wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀. Mo sì ti ń kùn látàárọ̀ nítorí omi inú ọ̀rá.

Lágbede méjì, mo gbọ́ tí mímí bàbá mi yí padà. Ó ń súfèé nínú. Ó di igi kan mú, ó rọra jókòó sórí gbòǹgbò rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí bí eérú.

Ó ní, "Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí, mo sọ ọ́ gbangba. Lórí òkè yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ ti sọ gbólóhùn yẹn, kò sì dìde. Mo yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo wo ìsàlẹ̀, igbó ni. Mo wo òkè, igbó ni. Mo bú ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó nínú mi, mo bú tìlú òyìnbó, mo wá bú ara mi tó gbà láti mú arúgbó alárùn ọkàn wá síbí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni kí n wá sọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Sinmi náà ni mo fẹ́ sinmi. Mé è tíì fẹ́ kú. Mé è tíì dé ibi tí mò ń lọ."

Mo fún un lóògùn, mo bu omi fún un. A jókòó títí àwọ̀ fi padà sí i lójú. Mo ní kí a yí padà. Ó na ọwọ́, mo fà á dìde, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì.

Nígbà tí a dé èjìká òkè náà, mo mọ̀ láìjẹ́ pé ó sọ fún mi, torí ilẹ̀ tẹ́jú, atẹ́gùn sì fẹ́ sí wa. Ibẹ̀ ló yẹ kí igi ìrókò náà wà. Kò sí ìrókò. Àwọn agégẹdú ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa, ó ti pẹ́. Kùkùté ló kún ibẹ̀, òmíràn ti jẹrà, òmíràn ti rúwé, òmíràn ni ikán ti gba inú rẹ̀. Bàbá mi ń lọ láti ìdí kùkùté kan sí èkejì, ó ń fi ọ̀pá kàn wọ́n.

"Èyí kọ́. Bóyá èyí ni. Ọ̀nà gba ìhín... àbí ọ̀hún ló gbà?" Ó yí po, ó tún yí po. "Mé è mọ̀ mọ́. Ọmọ mi, mé è mọ̀ mọ́."

N kò gbọ́ kí bàbá mi sọ pé òun kò mọ nǹkan rí. Ọkùnrin tó lè wo agbọ̀n obì lókèèrè, kó sọ inú oko ẹni tó ti wá! Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Mo tẹ̀ lé e láti kùkùté dé kùkùté, mò ń sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú tí èmi pàápàá kò gbàgbọ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí a sáà rí nǹkan kan, ohun yòówù kó jẹ́.

Lójijì ló dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté ńlá kan, òkìtì ewé wà nílẹ̀, ó gùn tó bí èèyàn ti í gùn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti gbẹ, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Èyí tó wà lókè tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n já a.

Bàbá mi ju ọ̀pá nù. Orúnkún tí kì í tẹ̀ mọ́ láti ọdún mélòó kan, tó fi ń jókòó sórí àga kírun, ló tẹ̀ yẹn. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ó ní, "Wọ́n ṣì ń já a. Ọmọ mi, wọ́n ṣì ń já ewé fún ìyé mi."

Mo já ewé kan lára igi obì tó wà nítòsí, mo fi lé e, mo tún já ti ìyá àgbà Ìlárá, mo fi lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní bí a ti ń sunkún náà là ń ríran. Bí mo ṣe gbójú sókè láti nu ojú, mo rí àdá kan tí wọ́n kì bọ àlàfo igi. Mo rí kéègì omi nísàlẹ̀ rẹ̀, mo rí agbọ̀n òfìfo tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Mo wá wo òkìtì náà dáadáa. Ní etí rẹ̀, níbi tí ewé ti ṣí díẹ̀, ọmọ obì kan yọ, ó funfun, ó ń dán.

Ọmọ oníṣòwò obì ni mí, kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún mi. Bí wọ́n bá ti fọ́ obì kúrò nínú èèpo rẹ̀ tó nípọn, awọ funfun kan ṣì máa ń bo ọmọ inú rẹ̀. Àgbẹ̀ á kó o jọ, á wọ́n omi sí i, á fi ewé bò ó fún ọjọ́ díẹ̀ kí awọ náà lè rà, kí ó tó fọ̀ ọ́. Ẹni tí oko rẹ̀ jìn sílé lè bò ó sóko kí ẹrù lè fúyẹ́, á sì máa já ewé tútù sí i kí olè má fura. Obì ni bàbá mi kúnlẹ̀ fún.

Ó ti ń ṣe àlùwàlá nígbà náà, ó ń rọra da omi inú ọ̀rá sí ọwọ́ rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní fún un. Ó ka ohun tó fẹ́ kà ní èdè Lárúbáwá, ó ṣe àdúà fún un, ó sì wá fi Rẹ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkìtì náà sọ̀rọ̀. "Ìyé, èmi rèé. Mo pẹ́." Ó sọ fún un pé òun dé Mẹ́kà. Ó sọ pé ìyàwó òun ti kú, pé obìnrin dáadáa ni, pé kí ó tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá pàdé. Ó dárúkọ àwa ọmọ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ní igbá tí òun rù lọ́jọ́ náà dé ilé, obì kan kò bọ́ nínú rẹ̀.

Ẹnu ìyẹn ló wà tí ọkùnrin kan fi yọ láti inú igbó pẹ̀lú àpò lórí. Àgbẹ̀ ni, ara Ìlárá, kò lè ju ogójì ọdún lọ púpọ̀. Mo sáré pàdé rẹ̀, mo fi ìka sí ètè.

Ó rọra wí pé, "Màmá, obì mi ló wà níbẹ̀ yẹn o. Mo bò ó kí awọ rẹ̀ lè rà ni."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un." Mo sọ ìtàn náà fún un ní kúkúrú. Bí mo ti ń sọ ọ́, ó sọ àpò kalẹ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Mi ò gbọ́ rí pé wọ́n sin ẹnikẹ́ni síbí. Bàbá mi ni mo gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún mi." Ó jókòó sórí kùkùté, ó dúró dè é, bí ẹni tó wá kí ìdílé olókùú.

Nígbà tí bàbá mi ṣetán, ó rí i. Ó fi ọwọ́ pè é súnmọ́. "Ṣé ìwọ lo ń já ewé fún wa?"

Ọkùnrin náà wò mí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. "Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, sà."

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un pé ọmọ tirẹ̀ náà yóò já ewé fún un, pé a kò ní wá ibi tó wà tì. Ọkùnrin náà ń ṣe "Àmín" nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, ilẹ̀ ló ń wò. Kò gbà kí n fún un ní nǹkan kan. Ó fi ibi tí a lè gbà sọ̀kalẹ̀ sí apá Ṣàgámù hàn wá, níbi tí ọ̀nà oko tí ọ̀kadà lè wọ̀ wà.

A sọ̀kalẹ̀. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀, mi ò purọ́. Mo ní ó kéré tán, ó ti kí i, irọ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Láti ìhà ibẹ̀, a ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ lókèèrè, a kò rí wọn, ọyẹ́ ti bo ohun gbogbo. Nísàlẹ̀, a rí ìtì igi kan, a jókòó láti jẹ búrẹ́dì. Bàbá mi jẹ ẹyin kan, ó nu ẹnu.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn, ó yẹ kí ó fọ obì rẹ̀ lọ́la. Ó ti ń pẹ́ jù lábẹ́ ewé."

Mo gbé búrẹ́dì ọwọ́ mi kalẹ̀. "Bàbá, ẹ ti mọ̀?"

"Gbogbo ayé mi ni mo fi ta obì. Ṣé imú mi ti kú ni?"

"Láti ìgbà wo?"

"Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí ni òórùn rẹ̀ lù mí."

"Ẹ wá ń bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀ ná. Ibisi ni kí n tún kúnlẹ̀ sí?" Ó gbọn èèpo ẹyin kúrò láṣọ rẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ṣèèyàn. Mo rí i bí o ti ń bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ní ohun tí àgbà bá fi jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Mo rò pé èmi ni mò ń dáàbò bò ó, òun ló ń dáàbò bo àwa méjèèjì. Ojú tì mí, inú sì bí mi, mo wá sunkún ju èyí tí mo sun lórí òkè lọ. Ó jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn.

Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ rà lẹ́yìn ọ̀nà márosẹ̀, tí wọ́n mọ ògiri yí ká, tí wọ́n fi géètì sí, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni ìdílé wa á máa sin òkú sí. Ẹ má sin mí síbẹ̀."

"Níbo ni kí a sin yín sí, Bàbá?"

"Ibi tí ẹ ń gbà kọjá. Mé è fẹ́ ibi tí ẹ ó máa fi mọ́tò wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ibi tí ẹ ń gbà kọjá bí ẹ bá ń lọ ra iyọ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́."

"Nínú ọgbà ilé nígbà náà. Ní Ẹ̀pẹ́."

"Ta ló ń gba ibẹ̀ kọjá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà kò tíì wálé láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Èkejì ń wá nígbà Iléyá, kì í sùn. Ọmọ tèmi, ẹni tó ni báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ mi yẹn, ìwé tó fi ń wá ọ̀nà Kánádà ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fúnni ní físà, mo sì ń bá a gbàdúrà sí i lójoojúmọ́ kí ó bọ́ sí i.

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Èmi ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ó mi orí, ó gbà á. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó rọra wò mí.

Ó ní, "Lẹ́yìn ìwọ ńkọ́?"

Mo ní kí a máa lọ, pé kí ọ̀kadà má baà tán lójú ọ̀nà. Bàbá mi ṣì wà láyé bí mo ti ń kọ èyí, ó wà nínú yàrá rẹ̀, mò ń gbọ́ bó ti ń wúkọ́. Kò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ó ti rí ìdáhùn lójú mi.